Ojú Tarsia Láàárín Àwọn Késárì

                                        Òkè ìsọ̀ Matteo aránfìlà,
                                        Àdúgbò Parione,
                                        Róòmù.
                                        Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹta, 1556.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Alvise, ọkọ àbúrò mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ti ń gbọ́ oògùn? Àwọn ará ìsọ̀ rẹ ńkọ́, àwọn aládùúgbò wa àtijọ́ lẹ́bàá odò ńkọ́, ṣé òtútù Padua ṣàánú wọn lọ́dún yìí? Èmi àti Màmá ṣì wà láàyè níbí. Ikọ́ Màmá ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, ojú tèmi ló ń ṣú, bí o ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ wa máa ń ba ojú jẹ́.

Mo kí ọ tán. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni mo ṣe kí ọ, má rò pé inú mi dùn sí ọ. Inú mi kò dùn sí ọ rárá. Màmá ló jókòó tì mí yìí, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà oúnjẹ ààwẹ̀, wọ́n sì ń bi mí ibi tí mo kọ ọ́ dé. Bí mo bá fi èébú bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní kí n ya ìwé náà, kí n mú òmíràn.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kí n tó dá ọ lóhùn, mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ ohun tí owó ẹyọ ayédèrú tí o rọ, tí o fi ránṣẹ́ sí mi, ti fojú mi rí ní Róòmù. N kò sọ gbogbo rẹ̀ nínú lẹ́tà tí mo fi ìbínú kọ sí ọ ní Oṣù Kìíní. Ìbínú kì í jẹ́ kéèyàn ròyìn dáadáa.

O mọ ìwé tí mo wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin. Gherardo tó ń tẹ àwòrán tà ló ní òun fẹ́ ìwé tí ojú gbogbo àwọn Késárì àti àwọn olorì wọn yóò wà nínú rẹ̀, kí èmi fín gbogbo rẹ̀ sára bàbà. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo ní òfin kan ni màá fi ṣe é. Ojú tí mo bá rí lára owó àtijọ́, tí mo sì fi ọwọ́ ara mi di owó náà mú, òun nìkan ni màá fín. Èyí tí a kò bá rí owó rẹ̀, màá fa ìlà róbótó, màá kọ orúkọ olúwa rẹ̀ yí i ká, màá sì fi inú rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. A tẹ òfin yìí sójú ewé àkọ́kọ́, orúkọ mi sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mẹ́rin ló ṣófo bẹ́ẹ̀ nínú ọgọ́fà. Àwọn tí kò mọ nǹkan kan, tí wọ́n rí àwọn ewé tí Gherardo ń tà kí ìwé tó pé, ń rẹ́rìn-ín pé mo ń ta òfìfo fún àwọn. Àwọn tó mọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Nítorí àwọn tó ṣófo ni wọ́n ṣe gba àwọn tó kún gbọ́.

Mo sì gbéra ga nítorí rẹ̀, n kò ní purọ́ fún ọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbí, bí wọn kò bá rí owó olorì kan, wọ́n á wo ìyàwó ẹlẹ́ja tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n á ṣe irun olówó sí i lórí, wọ́n á pè é ní olorì. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo máa ń sọ lójú gbogbo ènìyàn pé òórùn ẹja ń jáde lára àwọn olorì tiwọn.

Ìgbà ìkórè àjàrà ọdún tó kọjá ni ẹrù rẹ dé. O fi irun àgùntàn wé e bí ẹyin. O kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àgbẹ̀ kan ní ìtòsí Este ló fi ọkọ́ kàn án nídìí àjàrà rẹ̀. Owó idẹ ni, orí obìnrin wà lára rẹ̀, ó kọjú sí òsì, orúkọ tó sì yí i ká ni Cossutia. Cossutia, aya àárọ̀ Júlíọ́sì Késárì, èyí tó kọ̀ sílẹ̀ kó tó di ẹni ńlá. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó ṣófo nìyẹn. N kò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Ìpẹtà tó bò ó láwọ̀ ewé, ó dì mọ́ ọn bí ìgbà tí owó ti pé ẹgbẹ̀rún ọdún nínú ilẹ̀. Lẹ́tà rẹ ti jẹ́wọ́ fún mi báyìí pé inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹṣin lo rì í sí fún oṣù méjì. Wo ohun tí o ṣe. Àbúrò mi lo gbé sínú ìgbẹ́ ẹṣin, kó lè dà bí ará àtijọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ̀ ọ́. Fadá Sigismondo, àgbàlagbà tó ní àpótí owó àtijọ́ mẹ́tàlá nílé, tí wọ́n sì yá mi ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn owó tí mo wò, di tìrẹ mú, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n gbé e kalẹ̀. Wọ́n bi mí pé ta ló máa rọ owó fún ìyàwó tí ọkọ ti lé. Ìsọ̀ Gherardo kún lọ́jọ́ náà. Mo dìde.

“Fadá, ẹ wo imú yìí dáadáa,” ni mo wí. “Egungun rẹ̀ yọ láàárín, ó tún wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ rọ ayédèrú olorì, ṣé irú imú yìí ló máa fún un? Arẹwà ló máa rọ. Imú yìí gan-an ni ẹlẹ́rìí mi.”

Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Fadá dé fìlà wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Wáìnì tí mo mu lọ́jọ́ náà lórí imú yẹn kò kéré.

O mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Ohun tí a bá fín sára bàbà, òdì rẹ̀ ni yóò jáde lórí ìwé. Nítorí náà inú díńgí ni mo ti máa ń wo owó, kí ojú tó kọjú sí òsì lára owó lè kọjú sí òsì lórí ìwé. Ọdún mẹ́rin ni mo fi díńgí ṣe é láìyẹ̀. Ti Cossutia yìí nìkan ni mo sáré fín bí mo ṣe rí i, nítorí Gherardo fẹ́ kí ìwé jáde kí Kérésìmesì tó dé, èmi náà kò sì lè mú sùúrù mọ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo yí lódì kó lè ṣeé kà. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́, ó kọjú sí ọ̀tún. Mo rí i, mo sì ní kò sí ẹni tí yóò bá mi jà nítorí ìyẹn. Igba ìwé ló jáde.

Màmá kì í wọ yàrá iṣẹ́ mi. Òórùn òróró àti tàdáwà máa ń mú wọn wúkọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì Oṣù Kìíní, mo ń tún àwọn àwo bàbà tí ìlà wọn ti ń kú ṣe, mo sì tẹ ìwé kọ̀ọ̀kan láti fi wò wọ́n. Mo fi wọ́n kọ́ sórí okùn kí wọ́n gbẹ. Màmá pè mí sí oúnjẹ, n kò dáhùn, wọ́n bá wọlé wá. Wọ́n dúró níwájú okùn náà. N kò kọbi ara sí wọn títí wọ́n fi sọ̀rọ̀.

“Ta ló ya Tarsia síbí?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní olorì Késárì ni, ó ti kú kí wọ́n tó bí Jésù. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọdún mẹ́wàá ni àwọn fi jókòó ti ọmọ yìí lójú fèrèsé, tí àwọn méjèèjì jọ ń ránṣọ, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ ọ̀tún yìí gan-an ló sì máa ń wà lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n na ìka, wọ́n fi kan imú náà, tàdáwà sì bá ìka wọn wá.

“Ìwọ lo ṣe èyí,” ni wọ́n wí.

Wọn kò parọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, òun jẹ́ mẹ́fà. Ó mú èédú tí mo fi ń yàwòrán, mo bá tì í láti orí àtẹ̀gùn kànga tó wà ní àgbàlá wa ní Padua. Imú ló fi kanlẹ̀. Mo wo ìwé tó wà lórí okùn, mo sì rí i. Láti ìgbà tí mo ti rí i, n kò lè ṣàìrí i mọ́. Imú tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣẹ́ ni mo pè ní ẹlẹ́rìí níwájú gbogbo Róòmù.

Mo ti wá àwáwí. Ọdún mọ́kànlá nìyí tí mo ti kúrò ní Padua. Ọmọge tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún ni mo fi sílẹ̀ fún ọ, obìnrin tó ti rù ni ìwọ sì rọ sára owó. Nígbà tí ibà pa á lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, lẹ́tà ni mo fi ránṣẹ́, n kò wá. Ṣùgbọ́n àwáwí ni gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ ojú wíwò ni mo ń ṣe jẹun. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wo ojú àbúrò mi, mo fín irun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fín ìlà ẹnu rẹ̀, n kò sì mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ kejì mo mú owó rẹ lọ sórí afárá, mo jù ú sínú odò Tiber. Láti ibẹ̀ mo lọ bá Gherardo, mo ní kí a yọ ojú náà kúrò, kí a sì sọ fún àwọn tó ti rà á. Ó wò mí bíi pé mo ní kó ti iná bọ ìsọ̀ rẹ̀.

“Ercole, ta ló mọ ìyàwó Alvise nílùú Antwerp tí à ń kó ìwé lọ?” ló wí. “Jẹ́ kí obìnrin náà jókòó jẹ́ẹ́ síbi tó wà. Àwọn olorì gan-an ni wọ́n ń béèrè jù.”

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Mo ti ń pa òwe yìí láti kékeré, n kò mọ̀ pé èmi náà ń bọ̀ wá jókòó tì í lọ́jà. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ló wà lójú ewé àkọ́kọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ rí gbà nínú ọdún mẹ́rin yẹn, pé bí wọ́n bá ní Ercole ló fín in, kí ẹni tó gbọ́ má tún béèrè mọ́. Bí mo bá dákẹ́, olè ni mí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, òmùgọ̀ ni mí. Mo yan òmùgọ̀.

Mo lọ sọ́dọ̀ Fadá Sigismondo, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín, wọn kò fi mí ṣẹ̀sín. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n bu wáìnì fún mi, wọ́n sì bi mí ní ìbéèrè kan péré.

“Nínú àwọn ojú yòókù, mélòó ni o fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ bí o ṣe fẹ́ kí èyí jẹ́ òótọ́?”

Mo mu wáìnì náà tán, mo bá tèmi lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo ìlú ti gbọ́. Ẹnì kan kọ ewì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ère tí kò lápá nì ní ìkóríta wa, níbi tí wọ́n ti máa ń lẹ èébú mọ́ ọn fún àwọn ẹni ńlá. Ewì náà ní bàbá àgbà mi ni Késárì Nero, àti pé olorì Agrippina ló ń fọ ṣòkòtò mi. Ẹlẹ́ja tí mo ti fi ìyàwó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kò jẹ́ kí n kọjá jẹ́ẹ́. Ó ní, “Ercole, Caligula ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ kọjá níbí láàárọ̀. Ó ní kí n bá òun kí ọ.” Mo rẹ́rìn-ín sí i. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Gbèsè yẹ̀yẹ́ ni mo ń san.

Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn ojú yòókù, tí òótọ́ ni wọ́n, tí mo fi ọwọ́ mi di owó wọn mú lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́ mọ́. Amòfin kan dá ìwé tirẹ̀ padà láti Bologna, ó kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé òun kò bẹ ẹnikẹ́ni ní àwòrán mọ̀lẹ́bí. Gherardo ti gbé iṣẹ́ tó kàn fún Faransé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọdún mẹ́rin, Alvise. Ó lọ bẹ́ẹ̀.

Kó tó lé mi, Gherardo fẹ́ kí Faransé náà tún ojú àbúrò mi ṣe, kó na imú rẹ̀, kó fi adé sí i lórí, kó lè jọ olorì. Mo ní n kò gbà. Bí yóò bá parẹ́, èmi ni màá pa á rẹ́. Mo gbé àwo bàbà náà wá sílé. Màmá bẹ̀ mí láti òwúrọ̀ títí agogo ọ̀sán fi lù. Wọ́n ní kò pa ẹnikẹ́ni lára. Wọ́n ní ọmọ tó kú láìbímọ, ibo ló tún kù sí láyé bí kò ṣe ibẹ̀. Mo ń ṣàlàyé òfin mi fún wọn, bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ náà ni ojú ń tì mí. Nígbà tí mo mú irin tí a fi ń họ bàbà, wọ́n gbé àpótí wọn sún mọ́ mi, wọ́n jókòó lé e.

“Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí o máa ba imú ọmọ yìí jẹ́,” ni wọ́n wí.

Mo họ ọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé kì í tán síbẹ̀. Bí ìlà bá ti parẹ́, a ó fi irin dídán ra ojú ibẹ̀, yóò wá jìn díẹ̀, a ó sì da àwo náà dojú bolẹ̀, a ó fi òòlù lù ú láti ẹ̀yìn kó lè tẹ́jú. Màmá fara da gbogbo rẹ̀ títí ó fi kan òòlù. Nígbà tí mo lù ú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dìde, wọ́n jáde. Ojú ibẹ̀ ti dán báyìí. Cossutia ṣì yí i ká, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Iṣẹ́ náà mọ́, ó sì ń rí mi lára.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni lẹ́tà rẹ wá dé. Mo ti múra láti ka ẹ̀bẹ̀. O ò bẹ̀ mí. O ní o rò pé màá dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀ tí mo bá tú irun àgùntàn náà, pé màá bú ọ, màá sunkún, màá sì fún Màmá. O ní nígbà tí ìwé náà dé Padua, tí o rí i láàárín àwọn olorì, o rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀ ni, o sì lọ tan àbẹ́là fún mi ní ilé ìjọsìn. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé ńṣe lo fẹ́ tàn mí jẹ, mo mọ bí mo ṣe máa kórìíra rẹ, yóò sì rọrùn fún mi. Ṣùgbọ́n o fọkàn tán mi pé mo mọ ojú àbúrò mi. Èyí ni n kò lè dárí rẹ̀ jì ọ́.

Mo bi ọ́ ní Oṣù Kìíní pé kí ló dé tí o fi pa irọ́ àgbẹ̀ Este, kí ló dé tí o fi orúkọ ẹlòmíràn sí i. Ìlà méjì péré lo fi dáhùn. O ní láti ọjọ́ tí ó ti kú, n kò kọ orúkọ rẹ̀ sínú lẹ́tà kankan, àti pé bí o bá kọ ọ́ sára owó náà, ìsàlẹ̀ àpótí ni ǹ bá sọ ọ́ sí láìwò ó. Mo mú kálámù láti kọ̀wé sí ọ pé irọ́ ni. Mo jókòó, mo ro gbogbo lẹ́tà tí mo ti kọ sí ọ láti ọdún mẹ́rin. N kò rí ọ̀kan tí mo lè tọ́ka sí. Mo gbé kálámù sílẹ̀, mo sì bínú sí ọ sí i, nítorí òótọ́ lo sọ.

Bá mi kí ìyá rẹ. Kí o bá mi kí àwọn aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé, kí o sì bá mi kí ẹni tó ń ta wáìnì lójú afárá, bí kò bá tíì kú. Má sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wọn. Ti Róòmù tó mí.

Ohun kan ló kù, ti Màmá ni. Ìwé tí wọ́n fi ìka kàn lọ́jọ́ náà, wọ́n já a kúrò lórí okùn kó tó gbẹ, wọ́n sì kàn án mọ́ ògiri lókè ibùsùn wọn. Lánàá wọ́n bi mí ohun tí a kọ yí orí ọmọ wọn ká, o mọ̀ pé wọn kò mọ̀wé. Mo kà á fún wọn. Wọ́n ní ta nìyẹn. Mo ní ìyàwó kan ni tí ọkọ rẹ̀ lé.

“Ọkọ tiẹ̀ kò lé e,” ni wọ́n wí. “Kọ̀wé sí i. Sọ pé kó rọ òmíràn fún mi.”

N kò bẹ̀ ọ́ lórúkọ ara mi. Mo ṣì ń bínú, mo sì lè bínú lọ títí a ó fi darúgbó. Ṣùgbọ́n rọ ọ́ fún wọn. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni kí o kọ yí i ká, Alvise, kó tóbi, kó hàn. Wọ́n á ní kí n kà á fún àwọn, màá sì kà á.

Èmi ni,
ẹ̀gbọ́n Tarsia,
Ercole.